Àyè Tó Kù Nínú Omi

Òjò ọjọ́ náà kò mojú ẹnikẹ́ni. Láti Ìgbóbì ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba orí páànù Ṣómólú kọjá bí ẹṣin tó já okùn, nígbà tó fi máa dé ojú ọ̀nà Bàríga, tolówó ti tálákà ti sá pa mọ́ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni kò sá. Ó ń bọ̀ láàárín títì, ó rọra ń gbé ẹsẹ̀ bí ọkọ ìyàwó, aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, omi ń kán tó tó tó ní àgbọ̀n rẹ̀. Agbòjò dúdú ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe orí ara rẹ̀ ló ṣí i lé. Ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò kan tó gbá mọ́ àyà ló ń ṣíji bò. Nínú ìgò náà, ẹja pupa méjì ń yí po bí iná fìtílà tí afẹ́fẹ́ ń bá ṣeré.

Kauṣárà wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ oníbúrẹ́dì. Ìgbóbì ló ti ń bọ̀, níbi tó ti ń rán aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn eléegun. Bàtà rẹ̀ ti rin gbingbin, inú sì ti ń bí i tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìwé ìtàn tó yá lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti kọ́ ọ pé olólùfẹ́ lè gun ẹṣin wá, ó sì lè wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Kò sí èyí tó sọ fún un pé ẹnìkan lè fi agbòjò ṣíji bo ẹja. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rí ọwọ́ fi bo ẹnu.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ké sí i, "ṣé òjò máa ń pa ẹja ni?"

Ọkùnrin náà dúró, ó wojú rẹ̀, ojú náà sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. "Òjò kì í pa ẹja, àǹtí. Omi tó ń ti orí páànù tó ti dógùn-ún ṣàn bọ̀ ni mò ń sá fún. Tó bá kán sí èmi lára, màá fi táwẹ́lì nù ún. Àwọn wọ̀nyí ò ní táwẹ́lì."

"Ẹ̀yin náà ò kúkú ní in lọ́wọ́ báyìí."

Ó wo ara rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó rí i pé òótọ́ ni, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní Yàkúbù ni orúkọ òun, Ladi-Lak ni òun ń gbé, ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni òun ti ń to lẹ́tà. "Ìyẹn tí bébà bá wà," ló fi kún un. Nígbà náà, ìjọba ológun ti fún bẹ́líìtì mọ́ ìlú ní ìbàdí, bébà wọ́n, mílíìkì wọ́n, ọṣẹ pàápàá ní ọjọ́ tí wọ́n ń rí i.

"Bàbá mi náà ń sin ẹja," ni Kauṣárà wí. "Nínú àpótí dígí ńlá, ní pálọ̀ wa."

"Mélòó ni wọ́n?"

"Wọ́n á tó ọgbọ̀n."

"Ọgbọ̀n! Ṣé ẹja ni wọ́n, àbí àwọn tó tò fún mílíìkì?"

Kauṣárà rẹ́rìn-ín títí oníbúrẹ́dì fi yọjú. Nígbà tí òjò rọ díẹ̀, Yàkúbù sìn ín dé ẹnu ọ̀nà àdúgbò wọn. Agbòjò kan, ènìyàn méjì, ẹja méjì. Èjìká Yàkúbù òsì ló wà ní òde fún òjò jálẹ̀ ọ̀nà. Kauṣárà rí i, ó sì gbé e wọlé sùn lọ́kàn rẹ̀.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, bí Kauṣárà bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á jọ rìn lọ sí etí ọ̀sà ní Bàríga, wọ́n á máa wo àwọn ọkọ̀ onígi tó ń wọlé. Nígbà mìíràn, wọ́n á lọ sí ẹ̀yìn ilé Yàkúbù, níbi tó ti ń sin àwọn ẹja wẹ́wẹ́ onírù aláràbarà nínú agbada ìwẹ̀ tó ti fọ́ létí. Ìyá Yàkúbù, obìnrin Ẹ̀gbá tó máa ń ṣẹ̀fẹ̀, á gbé ẹ̀pà wá fún wọn, á ní, "Kauṣárà, àwọn ẹja yìí ni ìyáálé rẹ o. Mo ti sọ fún ọ kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Ta ló kọ́ ọ nípa ẹja?" Kauṣárà bi í lọ́jọ́ kan.

"Àwọn tí mo pa," ni Yàkúbù dáhùn, ojú sì tì í. "Ọmọdé ni mí nígbà yẹn. Mo rí abọ́ dígí kan, mo kó ẹja kún un bí ẹni bu ẹ̀wà sínú páànù. Mo rò pé bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni ìdùnnú mi ṣe máa pọ̀ tó. Nígbà tí mo jí, gbogbo wọn ti dojú inú sókè. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe omi nìkan ni ẹja ń gbé. Inú àyè ló ń gbé."

Kauṣárà wò ó. Ó rò ó lọ́kàn pé òun lè gbé inú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí láìní fẹ́ jáde mọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ wà ní ilé bàbá rẹ̀.

Alàájì Adébọ̀wálé jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ kan ní èbúté títí wọ́n fi ní kí ó lọ sinmi pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìyàwó rẹ̀ ló ra àpótí dígí náà nígbà tí nǹkan ṣì rọ̀, ẹja ńlá kan ṣoṣo tó pupa bíi wúrà ló sì kọ́kọ́ kó sí i. Obìnrin náà ti lọ sọ́run, àmọ́ ẹja rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Àgbà. Ọdún tí ìyàwó kú ni Alàájì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹja kún un. Nígbà tí ọmọkùnrin rẹ̀ àkọ́bí rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun, ó ra díẹ̀. Nígbà tí èkejì lọ bá a, ó tún ra. Nígbà tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ra èyí tó pọ̀ jù lọ. Bí wọ́n ṣe ń kú ló ń rọ́pò wọn. Ẹ̀rọ kékeré kan máa ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà, ohùn rẹ̀ sì máa ń dún nínú pálọ̀ bí àlejò tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Ọjọ́ Àìkú kan ni Yàkúbù wọ aṣọ àdìrẹ rẹ̀ tó dára jù, ó wá kí Alàájì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alàájì dá a lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, ó bi í nípa ìyá rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí Kauṣárà gbé omi tútù wá. Ohun gbogbo ń lọ bí orin. Ìgbà náà ni Alàájì nawọ́ sí àpótí dígí.

"Kauṣárà sọ fún mi pé o mọ̀ nípa ẹja. Kí lo rí sí tèmi?"

Bí Yàkúbù bá jẹ́ ẹlẹ́nu dídùn, ì bá ní wọ́n lẹ́wà, kó parí síbẹ̀. Àmọ́ ó ti sún mọ́ dígí, ó sì ti rí bí àwọn ẹja náà ṣe ń forí gbárí. Ìrora wọn wọ̀ ọ́ lára, ó gbàgbé ohun tó bá wá.

"Bàbá, wọ́n pọ̀ jù. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí mẹ́jọ kù níbẹ̀. Kí Ìyá Àgbà rí ibi nà sí."

Ẹ̀rọ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Mẹ́jọ," ni Alàájì wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, àmì pé ìbínú ti dé nìyẹn. "Ìjọba ní ká dín ìnáwó kù. Ọ̀gá mi ní àwọn ń dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n sì dín èmi náà kù. Mo délé, mo rò pé mo bọ́. Ìwọ wọlé mi, o mu omi mi, o ní kí n dín ẹja kù!"

"Bàbá, ẹ má bínú, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo…"

"Mo ti gbọ́ ọ. Ẹni tó ń ka ẹja mọ́ mi lójú lónìí, lọ́la ni yóò máa ka ìrẹsì mọ́ ọmọ mi lẹ́nu. Kauṣárà ni mo sọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ oore ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Mi ò bí i fún ahun."

Ọ̀rọ̀ yẹn, ahun, ó bọ́ sílẹ̀ bí àwo tó fọ́. Yàkúbù dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dúpẹ́ omi, ó jáde. Kò wo ẹ̀yìn, torí kò fẹ́ kí Kauṣárà rí ojú òun.

Ohun tí kò dára kì í dá wá. Láìpẹ́ ni Àmíìrù bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní ilé wọn. Ọmọ ọ̀rẹ́ Alàájì ni, ó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Palmgrove, ọkọ̀ rẹ̀ ń dán, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú rárá, ó kàn fẹ́ràn kí wọ́n máa pariwo ẹ̀bùn rẹ̀ ni. Ó gbọ́ pé Alàájì fẹ́ràn ẹja. Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ó já wọlé pẹ̀lú àwọn ọ̀rá ńláńlá tí ẹja kún fọ́fọ́, ofeefee, aláwọ̀ ọ̀run, abilà.

"Alàájì, ogún péré ni mo rí mú wá o! Wọ́n ṣì ń bọ̀!"

Alàájì fò sókè bí ọmọdé. "Ẹ wá wo ọwọ́ tó ń fúnni! Àmọ̀kẹ́, wá wo ọkùnrin!"

Kauṣárà gbọ́ oríkì rẹ̀, ó wò. Nínú dígí náà, Ìyá Àgbà ti fara ti igun kan, àwọn àlejò ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Alàájì sì sọ ọ́ kedere ní alẹ́ ọjọ́ náà nídìí oúnjẹ: bí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá parí, òun á dá àwọn ẹbí Àmíìrù tó ń tọrọ Kauṣárà lóhùn.

Kauṣárà sáré lọ sí Ladi-Lak ní ọjọ́ kejì. Nídìí agbada ló ti bá Yàkúbù. Omijé ń bọ̀, ó sì ń bínú sí omijé náà.

"Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ahun ni ọ́?"

"Kí ni ọkàn rẹ sọ fún ọ?"

"Ọkàn mi ò ní làákàyè. Ìwọ ni mò ń bi."

Yàkúbù rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí agbada. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ń fò káàkiri nínú omi tó mọ́ kedere. "Gbogbo ilé tó wà ní òpópónà yìí ló ní ẹja mi. Tí wọ́n bá ti ń bímọ tí àyè ń há, mo máa ń pín wọn ni. Àyè kì í ṣe òfo, Kauṣárà. Àwọn tó ń bọ̀ ni mo máa ń fi í dè. Àmọ́ mi ò lè sọ ọ́ kó yé bàbá rẹ. Mo ti fi ẹnu mi ba ara mi jẹ́."

"Jẹ́ ká lọ ibi tí wọn ò mọ̀ wá."

"Ká sá? Kí bàbá rẹ máa bá ẹja nìkan sọ̀rọ̀?" Ó mi orí. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ tutù fún omi. "Màá dúró, Àmọ̀kẹ́. Tí kò bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà ni mo gbà wọlé, mi ò fẹ́ gba fèrèsé."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó fi oríkì pè é. Kauṣárà sunkún padà sílé, àmọ́ ẹkún náà ní adùn nínú.

Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni iná mànàmáná lọ ní gbogbo àdúgbò, kò sì padà. Ẹ̀rọ inú omi dákẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Sátidé, ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká ni. Gbogbo ènìyàn wà lójú ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì, wọ́n ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn kúrò lójú ilé rẹ̀ títí aago mẹ́wàá. Ọkọ̀ àwọn sójà sì wà ní oríta, ẹni tó bá dán an wò, á fò bí ọ̀pọ̀lọ́ títí yóò fi gbàgbé ibi tó ń lọ.

Kauṣárà wọ pálọ̀ láti mú ìgbálẹ̀, ó sì rí bàbá rẹ̀. Alàájì dúró ti àpótí dígí, ó mú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, ó ń fẹ́ omi. Òógùn ti bò ó. Gbogbo ẹja ti wá sí òkè, ẹnu wọn ń là, ó ń pa dé, ó ń là, ó ń pa dé.

"Bàbá! Láti ìgbà wo lẹ ti wà níbí?"

"Wọ́n ń mí, Àmọ̀kẹ́. Ṣó o rí i? Wọ́n ṣì ń mí."

"Bàbá, wọn ò mí. Wọ́n ń ṣagbe èémí ni. Ẹ jẹ́ ká kó díẹ̀ kúrò."

"Rárá!" Abẹ̀bẹ̀ kò dúró. "Ẹja kankan ò ní jáde nínú ilé yìí. Màmá rẹ jáde, kò padà. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ jáde, káàdì ọdún Iléyá ni mò ń rí. Iṣẹ́ mi jáde. Ìwọ náà, ẹnu ọ̀nà lò ń wò. Àwọn wọ̀nyí nìkan ni kò mọ ẹnu ọ̀nà."

Ìgbà náà ló yé Kauṣárà. Ó ti ń gbé inú ilé náà láti ọjọ́ yìí wá, ó rò pé ẹja ni bàbá òun ń kó jọ. Àyè tí àwọn ènìyàn fi sílẹ̀ ni ó ń dí. Àánú bàbá rẹ̀ ṣe é. Àmọ́ nínú omi, Ìyá Àgbà ti ń fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, Kauṣárà kò tíì ṣe ohun tí bàbá rẹ̀ ní kó má ṣe. Ó gbé abọ́ ńlá tí wọ́n fi ń fọ ìrẹsì, ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú àpótí dígí, ó bu omi tẹja-tẹja.

"Àmọ̀kẹ́!"

"Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ nà mí, ẹ jẹ́ kí n dé. Ẹ fi ọwọ́ bá Màmá di Ìyá Àgbà mú."

Ó jáde sí iwájú ilé. Ìyá Rẹ̀mí, aránṣọ ilé kejì, wà nínú gọ́tà dé orúnkún, gèlè rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìyá Rẹ̀mí, ẹ gbà mí! Ẹja bàbá mi ń kú lọ!"

"Ẹja wo? Èyí tó ń ti Palmgrove wọ mọ́tò wá yẹn?" Àmọ́ ó ti ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó ti da omi ọṣẹ inú garawa rẹ̀ nù, ó sì ti fi aṣọ nu inú rẹ̀ gbẹ. "Dà á síbí. Ó yá, èyí tó kù ńkọ́?"

"Wọ́n pọ̀. A ò sì lè rìn dé ilé àwọn tó kù. Sójà…"

Ìyá Rẹ̀mí wo oríta, ó wo òpópónà, ó wo bí gbogbo ará àdúgbò ṣe tò lójú ilé wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó kọ ariwo tó lè jí òkú. "Ẹ̀yin ará ilé! Kí ẹnikẹ́ni má rìn o! Ẹ dúró lójú ilé yín, ẹ na ọwọ́! Ohun tí mo bá gbé fún ọ, gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé ọ!"

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn abọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ọwọ́ dé ọwọ́, ojú ilé dé ojú ilé, láìsí ẹni tó gbé ẹsẹ̀. Ìkòkò, garawa, agolo bọ́ńbítà, àwo tí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé kò tíì lò rí. Ẹja ofeefee kọjá lórí gọ́tà dúdú bí oòrùn kékeré. Àwọn kan ń pariwo, "Èyí tèmi nìyí, ẹ má mú u lọ!" Kauṣárà ń bù, ó ń jáde, ó tún ń wọlé. Nígbà tó wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, abẹ̀bẹ̀ wà nílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sókè, òun náà ń bu ẹja.

"Omi tútù láti inú kànga ni kí wọ́n fi kún un!" ni ẹnìkan wí lóde.

"Rárá o! Ẹ má dán an wò! Omi tí wọ́n bá jáde ni kí ẹ fi wọ́n sí! Bí ẹ bá fẹ́ kún un, díẹ̀díẹ̀ ni!"

Kauṣárà mọ ohùn náà. Ní ìsàlẹ̀ òpópónà, ọkùnrin kan tẹ̀ ba lórí gọ́tà, ẹrẹ̀ bò ó dé ìbàdí, ó ń gbálẹ̀ bọ̀ wá bí ẹni tí wọ́n gbé gbogbo gọ́tà Èkó fún. Yàkúbù ni. Ó ti mọ̀ pé iná kò sí, ó sì ti gbọ́ iye ẹja tó wà nínú dígí náà. Láti Ladi-Lak ló ti ń kó ẹrẹ̀ láti gọ́tà kan bọ́ sí èkejì.

"Hẹ́ẹ̀, ìwọ!" Sójà kan ti rí i. "Ta ló ní kó o máa rìn?"

Yàkúbù nàró, ó fi ìgbálẹ̀ kí i. "Ọ̀gá, mi ò rìn o. Gọ́tà ló ń lọ, èmi ń tẹ̀ lé e ni."

Sójà náà wo gọ́tà tó mọ́ tónítóní lẹ́yìn rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀, ẹ̀rín sì gbé e. "Máa tẹ̀ lé e lọ! Tí mo bá rí ewé kan níbẹ̀, wàá fò!"

Àwọn ará àdúgbò hó yèè. Yàkúbù gbá gọ́tà náà dé iwájú ilé Alàájì Adébọ̀wálé, ibẹ̀ ló dúró sí. Kò wọlé. Ó nawọ́ sí àwọn abọ́, ó ń yẹ̀ wọ́n wò, ó ń sọ fún oníkálukú bí yóò ṣe bo ti rẹ̀ kúrò nínú oòrùn. Aago mẹ́wàá lù kó tó yí padà, ó sì bá Alàájì lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Àgbà ti nàró," ni Alàájì wí. "Mẹ́jọ ló kù níbẹ̀. Mo kà wọ́n."

"Alhamdulillahi, Bàbá."

"Wọlé."

"Ẹsẹ̀ mi ò mọ́, Bàbá. Ẹrẹ̀ ni."

Alàájì gbé kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀, ó tẹ̀ ba níwájú ọmọ tó pè ní ahun, ó sì ń da omi sí i lẹ́sẹ̀. Yàkúbù fẹ́ fà á sẹ́yìn, Alàájì ní kó dúró jẹ́jẹ́.

Ìyá Rẹ̀mí ló kọ́kọ́ fọhùn. "Yéè! Alàájì! Ìyàwó là ń wẹ ẹsẹ̀ fún lẹ́nu ọ̀nà o! Ṣé Yàkúbù lẹ wá gbé níyàwó ni?"

Ẹ̀rín náà dé Bàríga. Kauṣárà fi ojú pa mọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Alàájì kò tíì sọ ọ̀rọ̀ fífẹ́. Àmọ́ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyá Rẹ̀mí ni, ó ní ẹja òun kọ̀ kò jẹ búrẹ́dì, kí ló máa ń jẹ? Kó tó lọ, ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ti dé, ó ní tòun ń sùn púpọ̀. Bàbá oníwàásù ilé òdìkejì wá jókòó, ó ní tòun ti mọ òun lójú. Lọ́jọ́ kejì, àga kò tó. Alàájì tó máa ń dá jẹun ń ṣàlàyé, ó ń ṣẹ̀fẹ̀, ó ń sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí iná padà, ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ gbọ́ ohùn ẹ̀rọ inú omi mọ́, nítorí ariwo ènìyàn.

Àárín ariwo náà ni Àmíìrù bá wọn, pẹ̀lú ọ̀rá ẹja mìíràn. Ó wo dígí tó mọ́ gaara. "Alàájì, ẹja mi dà?"

"Wọ́n wà lójúlé-ojúlé, ọmọ mi. Gbogbo àdúgbò ló ń gbàdúrà fún ọ."

Àmíìrù dúró, ó rò ó wò. Ó wo Kauṣárà tí kò gbójú sókè, ó sì jẹ́ ọmọlúàbí tó tó láti mọ ìgbà tí ọjà ti tú. "Kí wọ́n máa gbà á nìṣó," ló wí. "Ẹ fi èyí náà kún ti àdúgbò." Ó kí wọn, ó lọ.

Alàájì ránṣẹ́ pe Yàkúbù. Níwájú dígí ni wọ́n jókòó sí.

"Àwọn aládùúgbò ní bí mo bá fẹ́ ẹja mi padà, àwọn á kó wọn wá," ni Alàájì wí. "Mélòó ni kí n gbà?"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ilé. Iye tí ẹ bá ní ni."

Alàájì rẹ́rìn-ín. "O ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá àna lóhùn." Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí afẹ́fẹ́, àna, Kauṣárà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná sì di ògiri mú. "Mi ò ní gba ọ̀kan. Mo rò pé ohun tó bá jáde nílé mi ti sọnù ni. Mo kó wọn jáde, wọ́n sì fa ènìyàn wọlé fún mi. Yàkúbù, mo pè ọ́ ní ahun."

"Mo ti gbàgbé, Bàbá."

"Èmi ò gbàgbé. Ẹ̀yìn Iléyá, kí ìyá rẹ wá."

Wọ́n so yìgì ní òwúrọ̀ tí òjò ṣú àmọ́ tí kò rọ̀. Lèmọ́mù ṣàdúrà, gbogbo òpópónà wá, Ìyá Rẹ̀mí ló rán aṣọ ìyàwó, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sin Kauṣárà lọ sí Ladi-Lak. Ìyá Yàkúbù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbé igbá omi láti wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó gẹ́gẹ́ bí àṣà.

"Ẹ dúró!" ni ohùn kan wí lẹ́yìn. Alàájì Adébọ̀wálé ni, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi lé èjìká agbádá funfun rẹ̀, ọ̀rá ẹja kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹnìkan kọ́ mi pé a kì í kó ẹja sínú omi tuntun láìbu omi ibi tó ti wá mọ́ ọn. Ọmọ mi ńkọ́?"

Ó ṣí kẹ́ẹ̀gì, ó da omi dígí ilé rẹ̀ díẹ̀ sínú igbá náà. Omi méjèèjì dàpọ̀. Ìyá Yàkúbù fi í wẹ ẹsẹ̀ Kauṣárà, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì rùn bí ẹja díẹ̀. Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó wọlé.

Lórí tábìlì nínú yàrá wọn, àpótí dígí tuntun kan wà, Yàkúbù ló kàn án fúnra rẹ̀. Alàájì da ìyókù omi sí i. Ó tú ọ̀rá náà. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ yọ́ jáde, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó na ìrù pupa rẹ̀ bí aṣọ ẹbí ọba. Ọ̀kan kékeré tẹ̀ lé e. Alàájì sì ká ọ̀rá náà mọ́ ọwọ́.

"Méjì péré, Bàbá?" Kauṣárà bi í. Omijé ti dé ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ kó ku àyè?"

Alàájì wo Yàkúbù, ó wo ọmọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan dígí náà jẹ́jẹ́.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," ló wí. "Àyè tó kù, ti àwọn tó ń bọ̀ ni."